Ifẹ̀ kì í ṣe ìyókù: lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà tó kọ́ mi

Sí Olórí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà àti gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń tún sílébọ́ọ̀sì ṣe, ní yunifásítì tí mo ti jáde,

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìkíni mọ síbẹ̀, nítorí inú mi ò dùn, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan. N kò ní dárúkọ yunifásítì wa. Ẹ mọ ara yín. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo kọ ọ́ sí, torí àwọn òbí tó ń san owó ilé ìwé àti àwọn ọmọ tó ń jókòó síwájú yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní ọdún kejì lọ́dọ̀ yín, fi ètò ẹ̀kọ́ tuntun ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtàn iṣẹ́ ọnà àwọn Òyìnbó, dandan sì ni gbogbo wọn: Gíríìsì àti Róòmù, ìgbà àwọn kàtídírà, Renaissance (ìgbà tí iṣẹ́ ọnà tún sọjí ní Ítálì), lẹ́yìn náà ọ̀rúndún 19 àti 20. Kọ́ọ̀sì méjì tó jẹ́ ti ilẹ̀ Adúláwọ̀, tó jẹ́ dandan nígbà tiwa, ẹ ti yọ wọ́n. Ohun tí ẹ fi rọ́pò wọn ni kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, yúnìtì méjì, ní ọdún kẹrin, tí ó wu ọmọ kó gbà, tí ó sì wù ú kó fi sílẹ̀. Àkọlé rẹ̀, bí a bá fi Yorùbá pè é, ni "Iṣẹ́ Ọnà Tí Kì í Ṣe ti Òyìnbó". Inú rẹ̀ ni ẹ da Ifẹ̀, Benin, Nok, Íńdíà, Ṣáínà, Jàpáànù, àwọn Mùsùlùmí, àwọn Maya àti Aztec àti gbogbo erékùṣù Òkun Pàsífíìkì sí. Ọ̀sẹ̀ 13 ni sẹ̀mẹ́sítà. Ọ̀sẹ̀ kan ni Ifẹ̀ rí gbà níbẹ̀, òun pẹ̀lú Benin ni wọ́n sì jọ máa pín in.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́: n kò ní kí ẹ má kọ́ ọmọ ní Michelangelo, àgbà oníṣẹ́ ọnà Ítálì. Mo fẹ́ràn Michelangelo. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nípa rẹ̀, ọdún 19 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ nínú ìwé náà pé ẹ fẹ́ kí ọmọ lè fi iṣẹ́ ọnà ibì kan wé ti ibòmíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta lo òṣùwọ̀n Òyìnbó nìkan, tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan ya ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀, òṣùwọ̀n tó bá mú wá náà ni yóò fi wọ̀n ún. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, màá sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Mo kọ́kọ́ mú orúkọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni ẹ wò kí ẹ tó sọ kọ́ọ̀sì yìí lórúkọ? Kò sí baba tó jẹ́ fi ohun tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Àwòrán orí òkè tí àwọn ará Ṣáínà fi tàdáwà yà sára aṣọ sílíìkì, àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ tó lé ní 800, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Kétu, mọ́sálásí amọ̀ ti Djenné, kí ló so wọ́n pọ̀? Kò sí nǹkan kan àfi pé kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ló ṣe wọ́n. Bí ẹ bá kó wọn sínú àpò kan báyìí, Yúróòpù nìkan ni ẹ fún ní ìtàn. Ìyókù ni gbogbo àwọn tó kù.

2. Ẹ̀kejì ni àkókò, ibẹ̀ ló sì dùn mí jù.

Ìwé ńlá kan wà tí gbogbo wa fi kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ó ṣì wà lórí àtòjọ ìwé yín di òní. Orí kìíní ìwé náà ló fi orí Ifẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán màlúù tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ yà sára ihò àpáta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Jésù. Lẹ́yìn náà ni ìtàn wá bẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì, ó gba Gíríìsì lọ, a ò sì gbọ́ Ifẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n da àwọn orí wọ̀nyẹn? Láàárín ọ̀rúndún 12 sí 15 ni àwọn onímọ̀ fi wọ́n sí. Nǹkan bí 1305 ni Giotto, ayàwòrán ará Ítálì, ya ògiri ilé ìsìn kékeré ní Padua, èyí tí ẹ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú tuntun ní Yúróòpù. Ọmọ ìgbà kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi Ifẹ̀ wé nǹkan, ẹ fi í wé Giotto, ẹ má fi í wé ihò àpáta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó ọmọ 31 lọ sí mùsíọ́mù Ifẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Ọmọbìnrin kan dúró síwájú orí kan, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ ń bo gíláàsì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ń yí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yí, wọ́n yà fún ojú, wọ́n yà fún imú, wọ́n sì dúró létí ètè láì gun orí ara wọn. Ihò wẹ́wẹ́ tò sí etí irun àti àyíká ẹnu. Ara ọrùn ká léra díẹ̀díẹ̀, bí ọrùn ẹni tí ara tù. Ó wò ó títí. Ó ní, "Mà, ọdún wo ni wọ́n ṣe é?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé Leonardo ti wà nígbà yẹn?" Mo ní rárá, 1452 ni wọ́n bí Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ fi kọ́ wa ní ti Leonardo ní JSS 1, tó wá jẹ́ SS 2 la tó dé ibí?"

N kò rí èsì fún un. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi lọ́dọ̀ yín ni èmi náà ṣe ń kọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìwé ìkọ́ni mi padà. Ẹ̀yin ń yí tiyín, ẹ sì ń yí i sẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó kọ́ọ̀sì kan. Ní 1938, àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ni ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ yìí, ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n á fi amọ̀ ṣe inú rẹ̀, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á gbẹ́ ojú àti ìlà sára ìda náà, wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á sun ún kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da irin yíyọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi àdàlù idẹ ṣe é, ó máa ń ṣàn dáadáa. Àmọ́ ìbòjú tí à ń pè ní Ọbalùfọ̀n, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan ni. Ère ẹni tó jókòó, tí wọ́n rí ní Tada létí odò Ọya, bàbà náà ni. Bàbà gidi kì í fẹ́ ṣàn. Kó tó yọ́, iná gbọ́dọ̀ lé ní 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ sì máa ń há sínú rẹ̀, á sọ ọ́ di oníhò. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ idẹ èyíkéyìí bóyá òun lè dà á tinrín bẹ́ẹ̀ lónìí. Kí ló dé tí ọmọ yín mọ ìlẹ̀kùn idẹ tí Ghiberti ṣe ní Florence ní Ítálì, tí kò mọ Tada?

3. Ìṣòro ẹni tó di òṣùwọ̀n mú. Ní 1910, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó rí orí tí à ń pè ní Orí Ọlọ́kun, ó wò ó pé ó dára, ó sì fi í wé ti Gíríìsì. Kò gbà pé baba àwọn tó ń wò lójú ló lè ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú òkun tí àwọn Gíríìkì ń pa ní ìtàn, ló ti wá síbẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé orí náà lọ, ìjọba amúnisìn sì dá a padà lọ́nà. Ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó fi nǹkan wé nǹkan, bí ẹ ṣe fẹ́ kí ọmọ ṣe, ohun tó rí sì jọra lóòótọ́. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí ẹni tó ṣe é.

Felix von Luschan, ọmọ Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tirẹ̀ sàn jù. Ní 1919 ó kọ ọ́ pé Benvenuto Cellini, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ idẹ ará Florence, kò lè da idẹ ju bí àwọn ará Benin ṣe dà á lọ, àti pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣáájú Cellini tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyìn gidi ni. Mo máa ń kà á fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ pé: ta ló ti fi Igun Ẹ̀rọ́nmwọ̀n, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Benin, ṣe òṣùwọ̀n fún Cellini rí? Wọn kì í rí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí idẹ wọ̀nyẹn sì fi wà ní Berlin tí Luschan ti ń wò wọ́n ni pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Benin ní February 1897. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ yà kúrò lára ara wọn nínú ẹ̀kọ́ yín: iṣẹ́ náà, bó ṣe dé ibi tó wà, àti ẹni tó ń wò ó.

4. Òṣùwọ̀n tiwa wà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, torí ara mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, agbẹ́gilére ni. Ọmọdé ni mí tí mo fi ń jókòó tì í. Ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ rẹ̀ pín sí, ó sì máa ń dárúkọ wọn fún wa bí ẹni ń ka áàbídí: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Ní ọnà lílé, àáké ni, ìró rẹ̀ á gba agboolé. Orí ló máa ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ lára igi. Ó máa fi ìka wọn orí náà, á wá gbé ìwọ̀n ìka yẹn lé ara tó kù lẹ́ẹ̀mẹta: ọrùn dé ìdodo, ìdodo dé orúnkún, orúnkún dé ilẹ̀. Bí ó bá dé fínfín, kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé ère lé itan, á fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ, á la ìpéǹpéjú ní ìfà kan ṣoṣo, á wá fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí orí fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Orí ẹni ni ẹlẹ́dàá ẹni. Ṣé ẹsẹ̀ ni o fẹ́ kí n gbé ga ni?"

Ní ọdún kẹta mi lọ́dọ̀ yín, wọ́n ní kí a kọ pépà tí a ó fi fi ère ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀ dání, èyí tí Polykleitos ará Gíríìsì ṣe, wé ère Yorùbá kan. Mo kọ ọ́ pé Polykleitos ní ìlànà tirẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje ara, ó sì ń wá ara ọkùnrin tó pé. Mo ní àbúrò bàbá mi náà ní ìlànà tirẹ̀, orí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, torí orí ni ibùgbé ìpín ẹ̀dá. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ síbẹ̀, mo fi àmì sí i dáadáa. Olùkọ́ tó máàkì rẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní àìmọ ìwọ̀n ni orí ńlá, kì í ṣe ìlànà, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu agbẹ́gi kì í ṣe ẹ̀rí. Máàkì mẹ́jọ nínú 20 ló fún mi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ àìmọ ìwọ̀n yẹn dáadáa. Ní 1957, wọ́n rí ère Ọọ̀ni kan tó dúró, tí wọ́n fi idẹ dà, ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ ojú èèyàn alààyè. Síbẹ̀ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Ẹni tó lè ya ojú bẹ́ẹ̀, ṣé òun ni kò mọ bí ara èèyàn ṣe gùn tó? Ó mọ̀ ọ́n, ó yàn án ni. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ère jọ olóògbé gan-an, wọ́n máa ń ṣe àkó láyé àtijọ́, wọ́n á sì wọ aṣọ olóògbé fún un, kí àwọn ará ilé lè tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó sin ère náà. Jíjọ èèyàn tàbí àìjọ èèyàn, ohun tí iṣẹ́ náà wà fún ló ń sọ ọ́. Bí ọmọ bá mọ èyí, yóò lè wá wo ti Polykleitos pẹ̀lú ojú tó là: yóò bi í pé kí ni tiyín wà fún?

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ìdájọ́ náà kò wọ́n wa. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, rìn láàárín àwọn Yorùbá nínú àwọn ọdún 1960, ó ń gbé ère síwájú àwọn ará abúlé, ó ń ní kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí tó fi dára. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò dá a lóhùn láìṣiyèméjì. Wọ́n sọ jíjọra: kó jọ èèyàn, àmọ́ kó má jọ ẹnì kan ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n sọ ìfarahàn, dídán, gígún, ọ̀dọ́: kódà àgbàlagbà tó ti kú, bí ẹni tó wà ní agbára rẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Rowland Abiodun, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti fi ojú inú, ojú ọnà, ìfarabalẹ̀ àti ìlutí kún un, ó sì fi yé gbogbo ayé pé ẹni tí kò gbọ́ oríkì kò lè wo ère Yorùbá délẹ̀. Òun àti Babatunde Lawal, onímọ̀ bíi tirẹ̀, Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ni kí wọ́n tó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Nínú sílébọ́ọ̀sì yín tuntun, n kò rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

5. Orúkọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n ti sọ fún yín pé iṣẹ́ ọnà Òyìnbó rọrùn láti kọ́ torí ó ní orúkọ àti ọjọ́, àti pé Giorgio Vasari ti kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì sílẹ̀ ní 1550. Ní Ṣáínà, Xie He ti kọ ìlànà mẹ́fà tí a fi ń ṣe ìdájọ́ àwòrán sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Vasari. Ní tiwa, oríkì ló ṣe é.

Ẹ mú Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó kú ní 1938. Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún, tó fi òyìnbó ìjọba sí, orí àga tí àwọn èèyàn gbé ló jókòó sí, Ògògà sì jókòó ń dúró dè é. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. Mùsíọ́mù British fẹ́ rà á, Ògògà ní òun kò tà. Wọ́n ṣe ìtẹ́ fún un ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìtẹ́ yẹn ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀: ó ń kì í ní ẹni tó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni gbẹ́ igbá. Kí ni Vasari ṣe tó ju èyí lọ? Ìyàwó kan ló fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀.

Opó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà, ọba lórí ìtẹ́, olorì àgbà sì dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ó wà ní Chicago báyìí. Ó wà lára iṣẹ́ 250 tí College Board, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò níbẹ̀, ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà mọ̀ kó tó ṣe ìdánwò ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ẹ ro ó wò. Ọmọ ọdún 17 kan wà ní Texas lónìí tó ń kà nípa Ògògà nítorí ìdánwò. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láì gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ rí.

Nínú kọ́ọ̀sì yín ti ọ̀rúndún 20, ẹ ó kọ́ wọn pé Picasso wọ mùsíọ́mù Trocadéro ní Paris ní 1907, ó rí ìbòjú àwọn ará Adúláwọ̀, àwòrán rẹ̀ sì yí padà. Òótọ́ ni. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tó wo ìbòjú; orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ti sọ nù, torí ẹni tó gbé e lọ kò béèrè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹni náà ní orúkọ.

6. Àwáwí. Mo ti gbọ́ mẹ́ta. Èkínní, pé ọmọ tó bá fẹ́ lọ ka másítà lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ ti Òyìnbó. Ní January 2020, ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà Yale kéde pé àwọn á dá kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ àwọn tó lókìkí dúró, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Renaissance títí di òní, torí ó fì sí apá Yúróòpù jù. Ibi tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ sílẹ̀ dè ni wọ́n ti kúrò. Ìkejì, pé NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ló so yín lọ́wọ́. Ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC gbé jáde fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe ohun tó bá wù ú. Ìdá 30 yẹn dà? Ìkẹta, pé kò sí ìwé. Mo ti dárúkọ àwọn tó kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ìjà yìí ti pẹ́. Aina Onabolu ará Ìjẹ̀bú-Òde fi gbogbo ayé rẹ̀ jà kí wọ́n gbà pé ọmọ Adúláwọ̀ lè fi ọ̀dà epo ya ojú èèyàn bí ti Òyìnbó, ó sì bẹ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 láti ràn án lọ́wọ́ nínú kíkọ́ni. Murray dé, ó ní iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni kí àwọn ọmọ kọ́. Ọmọ ilẹ̀ yìí ń béèrè ti Òyìnbó, Òyìnbó ń béèrè ti ilẹ̀ yìí. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò lè bá Onabolu wí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kò lè ṣe nǹkan, dandan ni kó kọ́kọ́ ṣe é hàn wọ́n. Àmọ́ láti 1958 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo, ti dìde pé ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn kò tó, kí wọ́n jẹ́ kí méjèèjì pàdé lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ọmọ ọdún 20 àti díẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sẹ́yìn.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí:

Kí ẹ dá kọ́ọ̀sì méjì ilẹ̀ Adúláwọ̀ padà, kí wọ́n jẹ́ dandan, láti ọdún kìíní. Kí ẹ pa àpò ìyókù yẹn rẹ́. Kí Éṣíà ní kọ́ọ̀sì tirẹ̀, kí ayé Mùsùlùmí náà ní tirẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa kéré.

Nínú kọ́ọ̀sì Òyìnbó kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan láti ibòmíràn tó jẹ́ ọmọ ìgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Kí Giotto àti Ifẹ̀ wà lórí ògiri kan náà ní lẹ́kíṣọ̀ kan náà, kí ọmọ sì bi méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: ta ló ní kí wọ́n ṣe é, kí ló wà fún, kí ni àwọn tó ni ín pè ní dídára?

Kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ, alárò àti amọ̀kòkò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú pépà ọmọ, bí ọmọ bá ti gbà á sílẹ̀, tó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti gbọ́ ọ, tó sì kọ ọ́ ní èdè ẹni náà pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ọmọ kankan má ṣe jáde láì tíì dúró síwájú orí Ifẹ̀ rí. Kò jìnnà sí yín.

Kí ẹ tó tẹ ètò yìí jáde fún sáà tuntun, kí ẹ pe ìpàdé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn òbí àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú lè wà.

Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́jáde mẹ́fà máa wà ní ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Màá mú pépà ọdún kẹta mi dání. Mo ṣì ní in lọ́wọ́, bírò pupa náà kò tíì parẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ tún un máàkì.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́jáde yín, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun